Ta Ni Yóò Fi Lé E?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa ní Ìjan-Èkìtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Ẹni tí ó bá ti Adó-Èkìtì gba ọ̀nà Ìjan, tí ó kọjá Pólì ìjọba àpapọ̀, tí ó sì kọjá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dé ìlú wa. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó mú fóònù méjì lọ́wọ́. Kì í ṣe kòkó ni ó wá rà, kì í sì í ṣe epo. Ohun èlò ilé àtijọ́ ni ó ń wá kiri: áyọ́ọ̀nù eléèédú, asọ̀rọ̀mágbèsì onígi, garamafóònù, èyí tí ó sì wù ú ju gbogbo wọn lọ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Singer dúdú, irú èyí tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Iye tí ó kọ́kọ́ pè pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó tún fi lé e, n kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí owó náà tó ra ẹ̀rọ tuntun mẹ́ta tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé fóònù rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹjú mọ́ ọn bí babaláwo tí ń wo ọpọ́n. N kò ka èyíinì sí nígbà náà. Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ ògbólógbòó ṣe. Ó ní àwọn òyìnbó ń lu irú rẹ̀ ní gbànjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń du ú bí ẹni ń du oyè.

Nígbà tí ó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí a kò mọ̀?"

N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé padà sí yunifásítì, òun náà ni mo sì ń bá yí láti ìgbà náà.

Gbànjo fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní Èkìtì ti rí i ní bàsáà. Wọn yóò gbé iṣu kan ṣoṣo sókè. Ẹni tí ó ń lu gbànjo yóò ké pé, "Ta ni yóò fi lé e?" Bàbá kan yóò pe iye tí ó mọ níwọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò fi lé e. Ọmọ ìlú kan tí ó ti Èkó dé lánàá yóò dìde, yóò tún agbádá rẹ̀ ṣe, yóò sì pe iye tí ó tó ra odidi ẹbè iṣu. Ariwo yóò ta. Bàbá àkọ́kọ́ kò ní í gbà, nítorí ó mọ bàbá ọmọ náà, ó sì mọ ìgbà tí wọ́n jọ ń jẹ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni iṣu tí kò ju iṣu lọ yóò fi di iṣu olówó iyebíye. Kò sí ẹni tí yóò bínú, nítorí owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, iṣu náà kò sì ṣe nǹkan kan ju pé ó gbé ọwọ́ olówó sókè kí ìjọ lè rí i. (Mo mọ ẹnì kan tí ó ra ọsàn mẹ́fà ní iye tí ń ra ewúrẹ́. Títí di òní, ìyàwó rẹ̀ kò tíì dárí jì í.)

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú bàsáà yìí, nítorí mo máa padà sí i. Ẹni kan ṣoṣo kò lè sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí ọmọ Èkó nìkan ni ó fẹ́ iṣu náà, iye tí bàbá kọ́kọ́ pè ni yóò fi rà á, pẹ̀lú díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni kejì tí kò fẹ́ gbà ni ó ń dá iye ọjà.

Àwọn ará Róòmù ti rí èyí rí, ojú wọn sì já a. Ní oṣù Máàṣì ọdún 193, lẹ́yìn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba pa Pertinax olú-ọba wọn, wọ́n gun orí odi bárékè, wọ́n sì gbé ìjọba Róòmù sí gbànjo. Ọkùnrin méjì ni ó ń du ú: Sulpicianus wà nínú odi, Didius Julianus wà lẹ́yìn odi. Bí ọ̀kan bá ti pe iye, àwọn ẹ̀ṣọ́ a lọ sọ fún èkejì. Nígbà tí Sulpicianus dé 20,000 owó wọn fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, Julianus fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà dé 25,000, ó sì ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe àmì iye náà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó jọba fún ọjọ́ 66, wọ́n sì pa á. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Láti ibẹ̀ títí dé ìgbà tiwa, ohun tí ó yí padà kò pọ̀ tó bí a ti rò. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1995, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kalifóníà tí ń jẹ́ Pierre Omidyar dá ojú gbànjo kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní AuctionWeb. Ní 1997 ó di eBay. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ní ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná léésà kékeré kan tí ó ti bàjẹ́, dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ni ó sì pa. Omidyar kọ̀wé sí ẹni tí ó rà á, ó béèrè bóyá ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Onítọ̀hún fèsì pé òun ń kó èyí tí ó bàjẹ́ jọ ni. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí ó fi hàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé kò sí àlòkù kan tí kò ní olùfẹ́, bí a bá sáà lè rí ibi tí olùfẹ́ náà wà.

Bí gbànjo náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìwọ yóò sọ iye tí o kò ní í kọjá fún kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn kò ní í rí i. Kọ̀ǹpútà yóò máa bá ọ fi lé e díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń pe tiwọn, yóò sì dúró ní kété tí ó bá ti fi díẹ̀ ju iye ẹni kejì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó borí kì í san iye tirẹ̀. Iye ẹni kejì ni ó ń san pẹ̀lú owó fẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tí wọ́n bí ní Kánádà, William Vickrey ti Yunifásítì Columbia, ti ṣàlàyé irú gbànjo bẹ́ẹ̀ ní 1961, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìṣirò hàn pé bí a bá ṣe é báyìí, òtítọ́ ni ó pé olúkúlùkù láti sọ: kí ó pe iye tí nǹkan náà tó lójú ara rẹ̀, kí ó sì lọ sùn. Wọ́n kéde ẹ̀bùn Nobel fún un ní oṣù Òkìtóbà 1996. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó kú.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í lọ sùn. Wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wo aago, wọ́n á dúró di ìgbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí wọ́n tó já lu ọjà bí àwòdì. Ẹni tí ó ti pinnu láti má kọjá 100 dọ́là, tí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀, a fi 20 kún un, a tún fi 20 kún un, nítorí ó ti ń ka ohun náà sí tirẹ̀. Ní 1971, àwọn onímọ̀ iṣẹ́-ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ epo kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ilẹ̀ epo tí ìjọba ń lù ní gbànjo nínú òkun Mẹ́síkò. Wọ́n ní ẹni tí ó borí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ṣi ìṣirò ṣe jù lọ, èyí ni pé bíborí gan-an ni àmì pé ó ti pàdánù. Bàbá ọlọ́sàn mẹ́fà ì bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bá a wá ìtàn rẹ̀, ìtàn náà sì dùn ju bí mo ti rò lọ.

Kì í ṣe Isaac Singer ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Elias Howe ti gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1846. Singer gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Ògọ́sítì 1851, Howe sì pè é lẹ́jọ́ títí ó fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ Singer di ńlá kì í ṣe irin nìkan. Ní 1856 ẹnìkejì rẹ̀, Edward Clark tí ó jẹ́ lọ́yà, dá ọgbọ́n kan: kí oníbàárà san díẹ̀, kí ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kí ó sì máa fi èrè rẹ̀ san ìyókù lóṣooṣù. Ọgbọ́n yìí ni ó gbé ẹ̀rọ náà wọ ilé àwọn tí kò lówó lọ́wọ́.

Ní 1882 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Clydebank, ní ilẹ̀ Skọ́tláǹdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 1885. Aago olójú mẹ́rin wà ní orí ilé-ìṣọ́ rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wò. Ní 1913 nìkan, ẹ̀rọ tí ó jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ má rò pé ayọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní oṣù Máàṣì 1911, àwọn obìnrin 12 tí ń dán pákó ẹ̀rọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn, wọ́n sì bu owó wọn kù. Kí ó tó di ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bí 11,000 òṣìṣẹ́ ti dára pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n pàdánù ìjà náà. Ní oṣù Máàṣì 1941, nígbà ogun Hitler, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí Clydebank fún òru méjì, ibi tí ilé-iṣẹ́ ń kó pákó sí sì jó ràùràù. Wọ́n wó ilé-ìṣọ́ aago náà lulẹ̀ ní 1963, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1980.

Báwo ni ọmọ Clydebank ṣe wá dé Ìjan? Kòkó ni ó bá wa gbé e wá, ilé-ìwé sì bá kòkó gbé e. Ní 1954 iye kòkó ga ní ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì sì bọ́ sí páànù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbogbo ẹkùn náà lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. A sábà máa ń kọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn olùkọ́ àti yàrá ìkàwé, a kì í sì í rántí pé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lè lọ sí ilé-ìwé níhòòhò. Ta ni ó rán ṣòkòtò kákí wọn? Ta ni ó rán aṣọ aláwọ̀ búlúù àwọn ọmọbìnrin? Àwọn bíi ìyá wa ni, tí kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n tí ó lè wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì mọ ìwọ̀n itan rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé díẹ̀díẹ̀ ni òun san owó ẹ̀rọ náà, pé bí oṣù bá ti fẹ́ parí, ṣe ni òun máa ń rán aṣọ mọ́jú lójú àtùpà, kí àwọn tí ó tà á má baà wá gbé e. Ọgbọ́n Edward Clark ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, mo wá wo iye tí wọ́n ń ta àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní gbànjo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí mẹ́hẹ. Òótọ́ ni pé ohun èlò ilé àtijọ́ kan ń pa owó. Singer kékeré tí wọ́n ń pè ní Featherweight, tí wọ́n gbé jáde níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago ní 1933, ń pa ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà púpọ̀, nítorí ó fúyẹ́, obìnrin lè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti jọ ń rán aṣọ ìtẹ́bùsùn alábùlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń yan búrẹ́dì ti Sunbeam, tí ó jáde ní 1949, tí búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ń rọra wọlé láìjẹ́ pé a tẹ nǹkan kan, wà lára ohun tí wọ́n ń du. Èyí tí ó bá sì ṣì ní páálí rẹ̀ àti ìwé ìlò rẹ̀ ń pa ju èyí tí kò ní lọ, bí ẹni pé páálí ń rán aṣọ. Ṣùgbọ́n Singer dúdú olórí wíwúwo, irú ti ìyá wa? Ó ti pọ̀ jù. Èyí tí ń jáde ní mílíọ̀nù kan lọ́dún kì í wọ́n bọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ẹni kejì tí yóò fi lé e. Irin rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí a ó fi gbé e la òkun kọjá lè ju owó rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Kí n má gbàgbé: nígbà tí PayPal, tí àwọn oníbàárà eBay fi ń sanwó fún ọjà, ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, ó gbà wá láàyè láti san owó jáde, ṣùgbọ́n kò gbà wá láàyè láti gba owó wọlé. Àwa lè fi lé e. Kí a gbé tiwa kalẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fi lé e ni ó ṣòro.

Nígbà náà, ta ni yóò san owó ẹ̀rọ mẹ́ta nítorí ọ̀kan ní Ìjan?

Abẹ́rẹ́ àti fóònù ni ó dá mi lóhùn. Ní oṣù Épúrù 2009, ìró kan kálẹ̀ ní Saudi Arabia pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní mákúrì pupa wà nínú abẹ́rẹ́ Singer àtijọ́. Àwọn kan ní ó lè wá wúrà tí a rì mọ́lẹ̀ rí, àwọn kan ní ó lè lé àǹjọ̀nnú, àwọn mìíràn ní bọ́ǹbù ni wọ́n fi ń ṣe. Bí a ó ti dán an wò ni pé kí a gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́. Bí ìpè bá já, mákúrì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò pa nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa owó gọbọi. Ìròyìn ní àwọn kan pe iye wọn dé 200,000 riyal, tí ó lé ní 50,000 dọ́là. Àwọn olè fọ́ ìsọ̀ àwọn aránṣọ. Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó dá irọ́ náà sílẹ̀.

Irọ́ ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣọ́ agbára átọ́ọ̀mù ti sọ ní 2004 pé kò sí ohun tí ń jẹ́ mákúrì pupa. Síbẹ̀ irọ́ náà ń rìn. Ní oṣù Jánúárì 2013, ìbúgbàù kan pa ènìyàn márùn-ún ní ilé oníṣègùn kan ní Chitungwiza, ní Zimbabwe. Ohun tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé wọ́n ń tú ohun ìjà àtijọ́ láti yọ mákúrì pupa nínú rẹ̀. Bí ó ti dé Ìjan nìyẹn, nínú àpò ọmọ tí ó mú fóònù méjì dání. N kò ro ibi sí i púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun náà gba ohun tí wọ́n rán an gbọ́, kí ẹni tí ó rán an sì máa dúró de ẹlòmíràn tí yóò fi lé e.

Ohun tí ó dùn mí ni pé ìtàn èké nípa ẹ̀rọ yìí gbé e dé 50,000 dọ́là, ìtàn òtítọ́ rẹ̀ kò sì gbé e dé ibi kankan. Kò sí àkọsílẹ̀ kan tí mo rí nípa àwọn obìnrin tí ó rán kákí 1955. Èmi fúnra mi, ọmọ ọ̀kan nínú wọn, kò bi ìyá mi léèrè iye tí ó san lóṣù kan, títí ó fi kú. Mo mọ iye tí Julianus pe fún ẹ̀ṣọ́ Róòmù kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo padà lọ sí Ìjan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ ti mákúrì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún ti wá, ó sì ti fi lé e. Òun wá pe ìlọ́po méjì iye rẹ̀ láti fi dá àṣà, ó sì lọ láìdágbére. Mo bi í pé bí ó bá san án ńkọ́? Kò dá mi lóhùn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n nu ọ̀rá kúrò lára ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà méjì ni ó sì ṣáájú rẹ̀. E ni àkọ́kọ́. Àwọn tí ó mọ̀ nípa Singer mọ̀ pé E ni lẹ́tà Clydebank. Mo sọ fún un pé Skọ́tláǹdì ni wọ́n ti ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ti da iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n kúrò níwájú ìmọ́lẹ̀." Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ mẹ́rin wà nílẹ̀ tí wọn yóò gbà ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo dìde láti lọ, ó fi ọwọ́ tọ́ bẹ́líìtì aláwọ tí ń yí ẹ̀rọ náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó ní kí n bá òun wá òmíràn ní Adó, kí n sì ná an dáadáa.